Àgọ́ Wo Ni Ọkọ̀ Yìí Ń Lọ?

  

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa níhìn-ín ní Àgọ́-Àrẹ lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìyá yìí kò lọ sí ilé ìwé nígbà èwe rẹ̀. Kíláàsì àwọn àgbà nínú ìjọ ni ó ti kọ́ ìwé kíkà, ó sì ń ka Bíbélì Yorùbá rẹ̀ geere. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, ó dé gáréèjì kan, ó rí ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé páálí sí iwájú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí náà ni AGO. Ìyá kà á, inú rẹ̀ dùn. Ó wọlé, ó jókòó sẹ́yìn, oorun sì gbé e lọ. Nígbà tí ó lajú, kò rí ọ̀nà Ìṣẹ́yìn. Igbó ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó rí lọ́tùn-ún lósì. Àgọ́-Ìwòyè ni ọkọ̀ náà ń lọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó já a sílẹ̀, ilé ẹni tí kò mọ̀ rí ni ó sì sùn mọ́jú. A dúpẹ́ pé ẹni rere ni ó pàdé. Bí ó bá jẹ́ ẹni búburú ńkọ́?

Nígbà tí a gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan ní ìyá ni ó jẹ̀bi. Wọ́n ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, kí ló dé tí kò bèèrè? Àwa rò ó lọ, a rò ó bọ̀, a sì rí i pé ìyá bèèrè. Ọwọ́ páálí ni ó ti bèèrè. Páálí dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ fún un. Àgọ́ kò kéré ní ilẹ̀ Yorùbá. Àgọ́-Àrẹ ni tiwa, Àgọ́-Amọ́dù wà nítòsí wa ní Ṣakí East, Àgọ́-Ìwòyè sì wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́hùn-ún. Bákan náà ni ti Adó. Adó-Àwáyé wà lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, Adó-Odò wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Adó-Èkìtì sì jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ẹni tí ó kọ ADO sí iwájú ọkọ̀ kò tíì sọ ibi tí ó ń lọ.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá lónìí ni pé ọkọ̀ ojú irin ìgboro ti dé sí ilẹ̀ Yorùbá, pátákó oníná sì ni irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń sọ ibi tí wọ́n ń lọ káàkiri ayé. Àsìkò yìí gan-an ni ó yẹ kí a sọ irú pátákó tí a fẹ́, kí ó má baà jẹ́ pé páálí AGO ni a tún gbé sínú iná mànàmáná.

Ẹlòmíràn yóò ní, kí ni ó kan ará Òkè-Ògùn nínú rélùwéè? Lóòótọ́ ni pé kò kàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó la ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí i ní 1901, tí wọ́n sì fà á gba Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin lọ sí òkè Ọya, kò yà sọ́dọ̀ wa. Títí di òní, kò sí ojú irin ní ìjọba ìbílẹ̀ ATISBO. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa wà ní Èkó. Wọ́n ń bímọ níbẹ̀, àwọn ìyá wa sì ń lọ bá wọn gbé ọmọ tuntun. Láti oṣù kẹfà 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ láàárín Èkó àti Ìbàdàn. Ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn, tí wọ́n sọ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wà ní Móníyà, níbi tí ọ̀nà tí ó ti Ìṣẹ́yìn wá ti ń wọ ìgboro. Ẹnu ọ̀nà wa nìyẹn. Ẹni tí ó bá kúrò ní Àgọ́-Àrẹ tí ó sọ̀ ní Móníyà lè wọ ọkọ̀ ojú irin dé Èkó.

Ní Èkó fúnra rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ìgboro ti di méjì. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Gómìnà Lateef Jakande ni ó bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun sì fagi lé e ní 1985. Ní oṣù kẹsàn-án 2023 ni Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún. Iná mànàmáná ni ó ń lò. Ní oṣù kẹwàá 2024 ni Red Line tẹ̀lé e, láti Agbado dé Òyìngbò, kìlómítà 27, ibùdókọ̀ mẹ́jọ, tí ó ń gba Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Muṣin àti Yaba kọjá. Ẹ wá kíyè sí ohun kan. Ọkọ̀ Red Line àti ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Ìbàdàn jọ ń lo ojú irin kan náà ni. Ọ̀kan ń lọ sí Agbado, èkejì ń bọ̀ wá sí Móníyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Blue Line, tí wọ́n ti ní in lọ́kàn láti fà á kọjá Mile 2 dé Okokomaiko. Ọjọ́ tí ó bá dé ibẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ó pọn dandan kí ó lọ dé òpin. Òmíràn lè padà lẹ́yìn ní Mile 2. Pátákó iwájú ọkọ̀ ni yóò sọ èyí tí ó ń lọ àti èyí tí ó ń dúró.

Ọkọ̀ ojú irin kò sì dà bí dánfó. Bí ènìyàn bá ṣi dánfó wọ̀, yóò kígbe sí awakọ̀, wọn yóò já a sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Nínú ọkọ̀ ojú irin, awakọ̀ wà nínú yàrá tirẹ̀, ilẹ̀kùn a ti pa, kò sì ní ṣí títí yóò fi dé ibùdókọ̀ tí ó kàn. Ariwo agbèrò kò sí níbẹ̀ láti pe orúkọ ìlú. Àwọn baba wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Pátákó yẹn ni ó yẹ kó jẹ́ ojú àlejò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí pátákó yìí ti ń ṣiṣẹ́, kí a lè mọ ohun tí a ń béèrè. Láyé àtijọ́, aṣọ gígùn ni wọ́n ń ká mọ́ igi ní orí ọkọ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ gbogbo ibi tí ọkọ̀ lè lọ sí ara aṣọ náà, awakọ̀ a sì yí i títí orúkọ tí ó fẹ́ yóò fi yọ lójú dígí. Aṣọ yìí rọrùn láti kà, ṣùgbọ́n ó ń ya, ó sì ń há. Bí wọ́n bá sì dá ibùdókọ̀ tuntun sílẹ̀, àfi kí wọ́n tẹ aṣọ mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe pátákó tí ó ní àwo kéékèèké tó ń yí padà, tí ẹ̀gbẹ́ kan dúdú, tí ẹ̀gbẹ́ kejì pọ́n bí ẹyin adìẹ. Nígbà tí ó yá ni LED dé, èyí tí í ṣe iná kéékèèké tí wọ́n tò ní ìlà ìlà. Kọ̀ǹpútà ni ó ń sọ èyí tí yóò tàn àti èyí tí yóò kú, kí lẹ́tà lè jáde.

Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń pààrọ̀ èyí tó ti gbó sí tuntun. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà ní 1897, ẹ̀ka mẹ́rin ni ó wà lára ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí wọ́n ń pè ní Green Line. B, C, D àti E ni wọ́n pe àwọn ẹ̀ka náà. Gbogbo wọn jọ ń gba ihò kan náà láàárín ìgboro kí wọ́n tó pín yà. Ẹni tí kò bá rí pátákó dáadáa, ibòmíràn ni yóò bá ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún àwọn ọkọ̀ wọn àtijọ́ ṣe, wọ́n yọ aṣọ kíká kúrò, wọ́n sì fi iná LED rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò tíì darúgbó jù, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ tí ó ń bá èrò sọ gbọ́dọ̀ yè kooro.

Ṣùgbọ́n iná titun nìkan kọ́ ni àtúnṣe. A lè fi owó ńlá ra pátákó tí yóò máa tàn wìrìwìrì, tí ìyá wa kò sì ní rí ohunkóhun kà níbẹ̀. Ohun márùn-ún ni àwa fẹ́ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ wọn rò.

Èkíní ni kí orúkọ pé. Kí wọ́n má gé orúkọ ìlú kúrú nítorí pé àyè kò tó. Bí àyè kò bá tó, pátákó ni ó kéré, orúkọ kọ́ ni ó gùn.

Èkejì ni kí lẹ́tà tóbi, kí ó sì dúró jẹ́ẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2000 lórí ọkọ̀ bọ́ọ̀sì sọ pé lẹ́tà tí a fi kọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ kò gbọdọ̀ kéré sí mìlímítà 125 níwájú ọkọ̀ àti mìlímítà 70 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òfin náà sì kọ̀ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà ńlá nìkan, nítorí ojú tètè ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀ bí lẹ́tà ńlá àti kékeré bá jọ wà níbẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a rí kọ́ nìyí. Ọ̀pọ̀ pátákó oníná ni ó máa ń mú kí ọ̀rọ̀ sáré kọjá bí ejò. Ọmọ ogún ọdún lè bá a sáré. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì kò lè bá a. Ìwé wòlíì Hábákúkù sọ fún wa pé a pàṣẹ fún un kí ó kọ ìran náà hàn gbangba sára wàláà, kí ẹni tí ń sáré lè kà á. Ènìyàn ni ó ń sáré níbẹ̀, ọ̀rọ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ pátákó òde òní ti yí i padà, ọ̀rọ̀ ni ó ń sáré, arúgbó ni ó dúró tí ó ń wò ó.

Ẹ̀kẹta ni kí pátákó lè kọ Yorùbá bí a ti ń kọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n má kọ Oshodi sí i fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó kọ́ ìwé nínú Bíbélì Yorùbá, Òṣòdì ni ó mọ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà yóò sọ pé ó ṣòro, ẹ jẹ́ kí a sì sọ ibi tí ó ti ṣòro. Pátákó olówó pọ́ọ́kú máa ń ní ìlà iná méje péré láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́tà ńlá kan ti gba méjèèje tán. Níbo ni àmì orí yóò wà? Níbo ni ti ìsàlẹ̀ yóò wà? Ọ̀rọ̀ bí Ọ́ àti Ẹ̀ nílò àyè lókè àti nísàlẹ̀. Bí ìlà iná bá tó mẹ́rìndínlógún, àyè wà fún gbogbo rẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe pé èdè wa le jù fún ẹ̀rọ. Ẹni tí ń ra ẹ̀rọ ni kò sọ fún ẹni tí ń tà á pé àwa ní àmì lórí ọ̀rọ̀. Bí a bá sọ ọ́ kí a tó fọwọ́ sí ìwé, wọn yóò ṣe é. Bí a bá dákẹ́ títí ọkọ̀ fi dé, owó mìíràn ni a óò ná.

Ẹ̀kẹrin ni kí ojú àti etí jọ rí tiwọn gbà. Afọ́jú kò rí pátákó, adití kò gbọ́ ohùn. Kí pátákó kọ ọ́, kí ohùn sì pè é, kí ohun tí méjèèjì ń sọ sì jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí kì í ṣe ojú àánú lásán. Ní oṣù kìn-ín-ní 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó lòdì sí fífi ìyà jẹ àwọn abirùn ní Nàìjíríà. Òfin náà fún wa ní ọdún márùn-ún láti tún ilé àti ọkọ̀ tí ó wà fún gbogbo ènìyàn ṣe, kí abirùn lè máa lò wọ́n. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Àsìkò ẹ̀bẹ̀ ti kọjá, ẹ̀tọ́ ni.

Ìkarùn-ún ni òtítọ́ àti ìtọ́jú. Pátákó tí ó ń sọ Agbado nígbà tí ọkọ̀ ń lọ sí ibòmíràn burú ju kí pátákó má sí lọ, nítorí ẹni tí kò rí pátákó yóò bèèrè, ẹni tí ó rí irọ́ yóò gbà á gbọ́. Nígbà mìíràn awakọ̀ kàn gbàgbé láti yí i padà ni. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí ẹ̀rọ tí ó ń darí ìrìn ọkọ̀ máa yí pátákó náà fúnra rẹ̀, kí ó má jẹ́ iṣẹ́ awakọ̀ nìkan. Nígbà mìíràn iná díẹ̀ ni ó kú. Bí iná bá kú ní ẹsẹ̀ R, P ni ó kù. Bí ìlà ìsàlẹ̀ bá kú, àmì abẹ́ Ọ ti lọ, Ọ ti di O. Kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ọkọ̀ tó jáde láàárọ̀, bí wọ́n ti ń yẹ bíréèkì wò.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní owó dà? Wọ́n ní ebi ń pa ènìyàn, ẹ ń sọ̀rọ̀ iná iwájú ọkọ̀. A gbọ́. Àwa náà ń ra gàrí lọ́jà kan náà. Ṣùgbọ́n owó pátákó kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọkọ̀ àti ojú irin. Ẹni tí ó ti ra màlúù kò gbọdọ̀ máa sunkún owó okùn. Àwọn mìíràn yóò ní Èkó kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, ará Ìgbò, ará Haúsá àti àlejò gbogbo wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, ìfẹ́ sì ni ó yẹ kí a fi gbà wọ́n. Orúkọ ìlú tí a kọ dáadáa kò lé ẹnikẹ́ni jáde. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò rí Oshodi, ẹni tí ó mọ Yorùbá nìkan yóò rí Òṣòdì, àwọn méjèèjì yóò sì sọ̀ ní ibùdókọ̀ kan náà.

Kí ni ó wá kù fún wa ṣe níhìn-ín? Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wọ ọkọ̀ wọ̀nyí ní Èkó lójoojúmọ́, ẹ máa wo pátákó náà pẹ̀lú ojú ìyá yín. Bí ó bá kú, bí ó bá parọ́, ẹ fi tó àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ létí, kí ẹ sì kọ ọ́ sí wọn ní ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn aṣòfin wa, ẹ bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó ra ọkọ̀ mìíràn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ àmì ohùn, nítorí pátákó tí ó bá kọ Yorùbá dáadáa yóò nílò ẹni tí ó lè kà á.

Ẹ jẹ́ kí a sì bẹ̀rẹ̀ nílé. Ọkọ̀ ìjọ tiwa tí a fi ń lọ ìpàdé ní Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, kí ni ó wà níwájú rẹ̀? Orúkọ ìjọ wà níbẹ̀ gàdàgbà, ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ ń lọ kò sí níbẹ̀. Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn àgbàlagbà méjì wọ ọkọ̀ ìjọ mìíràn láti ìlú mìíràn, ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbéra ni a tó wá wọn rí. A kò nílò iná LED láti tún èyí ṣe. Pátákó, ọ̀dà àti ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ ti tó. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa gbé e ṣe kí oṣù yìí tó parí, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, kí wọ́n kọ ọ́ tán: ÀGỌ́-ÀRẸ. Nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, kí wọ́n pe ìyá tí ó sùn sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ sí wá, kí ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kí ó kà á. Bí òun bá rí i kà, ó ti dára.